Rédà, Àfẹ́ẹ̀rí àti Ojú Tó Ń Wò

Ẹni tó bá ń gbé láàrin Ìkẹjà àti Agége kò lè sọ pé òun kò mọ ariwo bàálù. Pápákọ̀ òfurufú wà níbẹ̀, bárékè àwọn ọmọ ogun òfurufú wà níbẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn géńdé tó ń ta páàtì mọ́tò lójú ọ̀nà Agege Motor Road fi ń jiyàn lórí F-22 Amẹ́ríkà àti Su-57 Rọ́ṣíà bí ẹni ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ní Ògbà ló ní kí n dá sí i: "Prof, èwo ló lágbára jù?" Ẹ̀yin ọmọ mi, èdè ni mo fi ayé mi kọ́, n kì í ṣe ẹnjiníà. Àmọ́ èdè wà nínú ìtàn yìí ju bí àwọn alájiyàn ṣe rò lọ, Nàìjíríà náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje 1967, Amẹ́ríkà ní òun kò ní ta ohun ìjà fún ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì ń ta ìbọn fún ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ ta ọkọ̀ òfurufú ajagun. Ni Gowon bá kọjú sí Mọ́síkò. Nínú oṣù kẹjọ ni MiG-17 ti balẹ̀ sí Kano. Biafra ní tiwọn ti wá B-26 àti B-25 kiri, ọkọ̀ ajubọ́ǹbù Amẹ́ríkà tó ti gbó láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí àwọn ọmọ wa ń fi ẹnu jà lónìí, ó ti wà lójú ọ̀run tiwa láti ọjọ́ yìí wá.

Ìbọn mẹ́ta ni MiG-17 gbé: ọ̀kan 37 mílímítà, méjì 23 mílímítà. Ìjà ńlá ni. Ṣùgbọ́n irú tí wọ́n kó wá fún wa kò ní rédà. Ojú awakọ̀ ni rédà rẹ̀. Ní ọ̀sán, òun ni ọ̀gá. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó fọ́jú. Orí èyí ni Biafra gbé ìgbésí ayé rẹ̀ lé. Ní Uli, wọ́n sọ ojú ọ̀nà mọ́tò kan di pápákọ̀. Lóru, bàálù á gbéra láti São Tomé tàbí Fernando Po, á pa iná rẹ̀, á máa bọ̀. Tó bá kù díẹ̀ kó balẹ̀, wọ́n á tan iná ojú ọ̀nà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á tún pa á. Ẹja gbígbẹ, iyọ̀ àti wàrà oníyẹ̀fun ń gba ibẹ̀ wọlé fún àwọn ọmọ tí ebi ń pa. Ìbọn náà ń gba ibẹ̀ wọlé. Ìjọba àpapọ̀ ní láti máa fi ọkọ̀ akẹ́rù ju bọ́ǹbù sí Uli lóru, nítorí MiG kò lè ṣe é.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 1969, bàálù DC-7 kan tó ń ṣiṣẹ́ fún Red Cross ti Sweden dé kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. MiG-17 kan rí i, ó sì já a lulẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ kú. Ìyàtọ̀ wákàtí mélòó kan ló pa wọ́n.

Ẹ wá jẹ́ ká wo rédà fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà ní 1940, láti ara lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mélòó kan. Ó ń rán ìgbì jáde. Ìgbì á lu nǹkan, á padà wá. Rédà á fi àkókò tó lò ṣírò bí nǹkan náà ṣe jìnnà tó. Ẹ fi wé ẹni tó tan tọ́ọ̀ṣì nínú igbó lálẹ́: ó ń ríran o, ṣùgbọ́n olè tó ba síbẹ̀ ti rí iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni awakọ̀ tó tan rédà ṣe ń fi ara rẹ̀ hàn.

Kí la ó wá pe stealth? Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé "àfẹ́ẹ̀rí" ni. N kò gbà. Ẹni tó lo àfẹ́ẹ̀rí, ojú kò rí i rárá ni. Ọkọ̀ wọ̀nyí kì í pòórá. Wọ́n kàn ń jẹ́ kí ìgbì tó ń padà sí rédà kéré. "Yọ́ kẹ́lẹ́" ni ìbá bá a mu jù, àmọ́ mọ́tò ti gba ayọ́kẹ́lẹ́ lọ́wọ́ wa! Ìṣirò rẹ̀ le: bí rédà bá ń rí ọkọ̀ kan láti 200 kìlómítà, tí ẹ bá fẹ́ kó di 100, ohun tí rédà ń rí lára ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ kù sí ìdá kan nínú 16. Tí ẹ bá fẹ́ kó di 20, ìdá kan nínú 10,000.

Ta ló ṣe ìṣirò bí ìgbì ṣe ń fọ́n ká létí nǹkan? Ọmọ Sófíẹ́ẹ̀tì ni, Pyotr Ufimtsev. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní Mọ́síkò ní 1962, ìjọba rẹ̀ kò rí ohun àṣírí kankan níbẹ̀. Ní 1971, ẹ̀ka ológun òfurufú Amẹ́ríkà túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Denys Overholser ní iléeṣẹ́ Lockheed kà á, ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun, ibẹ̀ ni F-117 ti wá. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ìtumọ̀, ẹ fi èyí dá àwọn tó ń bi yín pé kí ni iṣẹ́ ògbufọ̀ wà fún lóhùn.

F-117 ja ogun Iraq ní 1991, ọ̀kan kò jábọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1999, àwọn ọmọ ogun Serbia tí Zoltán Dani ń darí já ọ̀kan lulẹ̀ nítòsí Belgrade. Mísáìlì S-125 ni wọ́n lò, ohun ìjà Sófíẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Rédà wọn àtijọ́ ń lo ìgbì gígùn, ìrísí tí wọ́n fi gbẹ́ ọkọ̀ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ tan irú ìgbì yẹn jẹ. Dani kì í jẹ́ kí rédà rẹ̀ tàn pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í dúró sójú kan.

Ní ti ìbéèrè ọmọ mi ní Ògbà: nínú yíyọ́ kẹ́lẹ́, Amẹ́ríkà ló ṣíwájú. F-22 ń gbé mísáìlì mẹ́jọ sínú ikùn kí ohunkóhun má yọ síta, rédà rẹ̀ sì ń pa ìgbì dà kí ẹni tí wọ́n tàn án sí má tètè mọ̀. Rọ́ṣíà gbára lé mísáìlì tó ń lọ jìnnà, rédà ńlá bíi ti Su-35, àti ojú tó ń rí ooru ẹ́ńjìnnì láìrán ìgbì kankan. Su-57 náà ń kó mísáìlì sínú, ṣùgbọ́n kò tíì pọ̀. Amẹ́ríkà pẹ̀lú kò ṣe tó 200 F-22, òfin wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n tà á sílẹ̀ òkèèrè.

Àwa ńkọ́? A ra MiG-21 ní 1975, a ra Jaguar lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a ra F-7 lọ́wọ́ Ṣáínà, tó jẹ́ ọmọ MiG-21. JF-17 mẹ́ta tó ti Pakistan wá ní 2021, ẹ́ńjìnnì Rọ́ṣíà ló wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí à ń bá jà ní Borno kò ní rédà. Ìṣòro wa kì í ṣe bí wọn kò ṣe ní rí wa. Ká mọ ohun tí àwa ń wò ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 2017, ọkọ̀ òfurufú ológun wa ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann. MSF ní nǹkan bí 90 èèyàn ló kú. Nígbà tí iléeṣẹ́ ológun máa ṣàlàyé ní oṣù keje, wọ́n ní kò sí àmì lórí ibẹ̀ pé ibùdó ni, wọ́n sì rò pé Boko Haram ló kóra jọ. Ọ̀sán gangan ni o. Awakọ̀ rí wọn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Obama dá títa ọkọ̀ Super Tucano 12 fún wa dúró. Ìjọba Trump tún un ṣí, àwọn ọkọ̀ náà sì dé ní 2021, owó wọn súnmọ́ 500 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ̀kọ́ bí wọn kò ṣe ní máa pa ará ìlú wà lára ohun tí owó náà rà.