Ère Kékeré Thomas Ọnà àti Ọ̀rọ̀ Ìwọ̀n

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ère kékeré tó ń ṣe àfihàn ìgbà òyìnbó ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ Thomas Ọnà Odulate ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, Èkó ló ti ta ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún. Ó gbẹ́ ajẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àkẹtẹ̀ rẹ̀, lọ́yà pẹ̀lú wíìgì, àlùfáà ìjọ, ọlọ́pàá, òyìnbó tó ń gbá pólò lórí ẹṣin, àti Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀. Èrò mi ni pé a kì í fi ìwọ̀n nìkan mọ ère kékeré tó jọ ohun tó dúró fún. Àwọn ohun èlò ara rẹ̀ ló ń fi í hàn, Ọnà sì mọ èyí dájú.

Ẹ wo bó ṣe ń tò ó. Agbẹ́gilére àtijọ́ máa ń yọ odindi ère látinú gẹdú kan ṣoṣo, àti èèyàn àti ohun tó gbé dání. Ọnà kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbẹ́ àkẹtẹ̀, ìbọn tàbí agboòrùn lọ́tọ̀, kí ó tó fi wọ́n sí ipò wọn, débi pé èèyàn lè ṣí fìlà kúrò lórí ère kan kí ó sì dé e padà. Igi tó fúyẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń lò. Ó ń fi yíǹkì dúdú àti pupa kùn ún, ó ń fi pólíìṣì bàtà funfun sí ibi tó yẹ kó funfun, ó sì ń fi àwọ̀ igi sílẹ̀ bó ṣe wà níbòmíràn. Ojú àwọn ère náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ṣi lọ́yà mú fún ọlọ́pàá. Bákan náà ni a ṣe ń mọ ère oníṣàngó nípa oṣé tó gbé, kì í ṣe nípa imú rẹ̀.

Àwọn kan sọ pé yẹ̀yẹ́ ni Ọnà ń fi òyìnbó ṣe, nítorí orí àwọn ère náà tóbi ju ara lọ. Kò ṣòro láti gbà wọ́n gbọ́: ọmọ ìlú tí ọmọ ogun òyìnbó fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun ní Ìmàgbọn ní oṣù karùn-ún 1892 lè ní ìdí tó fi máa ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí William Bascom, onímọ̀ àṣà ọmọ Amẹ́ríkà, fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, Ọnà ní ohun tí òun rí lòun gbẹ́. Orí náà sì jẹ́rìí sí i. Orí èèyàn tó ti dàgbà kò ju bí ìdá kan nínú méje gíga rẹ̀ lọ, ti ère Yorùbá sì máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin, nígbà mìíràn ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí orí ńlá bá jẹ́ yẹ̀yẹ́, a jẹ́ pé ère ìbejì náà jẹ́ yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

Àwọn tó ń to táǹkì ogun kékeré lónìí lè sọ pé àwòṣe tí kò tẹ̀ lé ìwọ̀n kì í ṣe àwòṣe. Ìwọ̀n 1/35 tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún jù lọ ńkọ́? Ilé iṣẹ́ Tamiya ní Japan ló mú un jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 pẹ̀lú táǹkì Panther, ohun tó sì fà á ni pé wọ́n fẹ́ kí mọ́tò àti bátìrì ráyè nínú rẹ̀. Bátìrì ló yan ìwọ̀n náà. Bí ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí bá fẹ́ kí táǹkì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, okùn, ṣọ́bìrì, gálọ́ọ̀nù epo àti ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń múra sí.

Ó ku ẹ̀sùn pé ọjà lásán ni ère Ọnà, tí òyìnbó ń rà lọ sílé. Òótọ́ ni pé wọ́n ń rà á, Ọnà sì ń gbẹ́ irú kan náà léraléra, bí Justus Akeredolu ará Ọ̀wọ̀ náà ṣe gbẹ́ ẹ̀gún igi di èèyàn fún títà láti àwọn ọdún 1930. Agbẹ́gilére ìgbà àwọn baba wa náà kò ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó kò sì dá Ọnà dúró sórí òyìnbó nìkan: ó gbẹ́ ọba àti àwọn ará ìlú náà, orí tiwọn sì tóbi bákan náà.