Oògùn Ọmọ àti Jẹjẹrẹ Ilé Ẹyin: Ta Ni Wọ́n Fi Wé Ta?

Ìbẹ̀rù pé oògùn ọmọ lè di jẹjẹrẹ sí obìnrin lára ní gbòǹgbò. Ní 1971, Mahmoud Fathalla, oníṣègùn ọmọ Íjíbítì, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet pé gbogbo ìgbà tí ẹyin bá gbó tó sì já, awọ ilé ẹyin máa ń ya, á sì tún jinná. Bí èyí bá ṣe ń wáyé lemọ́lemọ́ tó, ni ewu jẹjẹrẹ ń pọ̀ tó. Oyún a máa fún ilé ẹyin ní ìsinmi. Clomid, oògùn ọmọ tí orúkọ rẹ̀ mìíràn ń jẹ́ clomiphene, ní tirẹ̀, kí ẹyin lè gbó ni wọ́n ṣe ń lò ó; ìyẹn ló fa ìbẹ̀rù náà.

Ní 1994, ìwádìí kan jáde láti Seattle ní Amẹ́ríkà. Nínú obìnrin 3,837 tí wọ́n yẹ̀ wò nítorí àìrọ́mọbí, 11 ní kókó nílé ẹyin, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 4 ni wọ́n ń retí. Mẹ́sàn-án ti lo clomiphene, márùn-ún nínú wọn sì lò ó tó oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn márùn-ún kéré jù láti dá oògùn lẹ́bi.

Ta ni wọ́n tilẹ̀ fi wé ta? Obìnrin tí kò bímọ rí ti ní ewu àrùn yìí ju ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta lọ, bí kò tilẹ̀ fẹnu kan oògùn kankan. Ẹni tó ní endometriosis, àìsàn tí irú ẹran inú ilé ọmọ fi ń hù síta ilé ọmọ, náà ní tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí gan-an ló ń lọ gba ìtọ́jú. Bí a bá fi wọ́n wé gbogbo obìnrin ìlú, ẹ̀bi ohun tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà la máa dì ru oògùn.

Ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ ní 2018 ló tú iṣu dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Wọ́n tọpa obìnrin 255,786 tó gba ìtọ́jú láàárín 1991 sí 2010. Àwọn 405 ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin; nǹkan bí 292 ni wọ́n ń retí. Àlékún náà tó nǹkan bí èèyàn márùn-ún nínú obìnrin 100,000 lọ́dún kan, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní endometriosis àti àwọn tí kò bímọ ló sì wà. Obìnrin tó jẹ́ pé ara ọkọ rẹ̀ nìkan ni ìṣòro wà kò ní àlékún kankan. Bẹ́ẹ̀, òun náà gún abẹ́rẹ́ sí ikùn lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀, wọ́n fi skáànù wo ẹyin rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ gígùn fà á jáde. Bó bá jẹ́ pé oògùn ló jẹ̀bi, ara tirẹ̀ náà ni ì bá ti hàn.

Àwọn ará Netherlands fi obìnrin 30,625 tó ṣe IVF (ìtọ́jú tí wọ́n ti ń so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ lóde ara) wé 9,988 tó ń wá ọmọ ṣùgbọ́n tí kò ṣe é. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 24, jẹjẹrẹ ilé ẹyin kò pọ̀ níhà kan ju ìkejì lọ. Kókó tó wà ní bèbè jẹjẹrẹ, tí kì í sábà pani, ló pọ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe IVF, ṣùgbọ́n kò lé sí i bí iye ìgbà tí wọ́n ṣe é ti ń lé. Ìyẹn ṣì ń fẹ́ ìwádìí.

Ní Nàìjíríà, ohun tó yẹ kó ká èèyàn lára ni Clomid tí obìnrin ń dá rà ní kẹ́místì, tó ń lò ó láti oṣù dé oṣù láìṣe skáànù, tí ọkọ kò sì tíì yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò. Ìlànà ìtọ́jú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní lílo Clomid kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Àyẹ̀wò tọkọtaya ló sì yẹ kó ṣáájú oògùn. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń mú ìrora ńlá wá ní láti bi dókítà léèrè nípa endometriosis, nítorí ibẹ̀ wà lára ibi tí àwọn olùwádìí ti rí ewu.