Ohùn Baba, Àwòrán Ọmọ: Wíwo Òde Olórin Nínú Ilé ní Ìjẹ̀bú láti Ọdún 1979

Ní ọdún 1979 ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Gàní Àgbà, ṣí ilé-iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Phonodisk ni ó pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó lè gba ohùn 24 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó kó sínú rẹ̀, ohun ìyanu sì ni èyí nígbà tó jẹ́ pé Èkó ni ọ̀pọ̀ olórin Yorùbá ń forí lé bí wọ́n bá fẹ́ gbé àwo jáde. Ọdún mẹ́rin péré ni ó lò lẹ́yìn èyí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1983, ó papòdà. Àwọn ọdún wọ̀nyí náà ni ẹ̀rọ fídíò, èyí tí àwọn ará Japan ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà láti nǹkan bí ọdún 1975 àti 1976, ń rá pálá wọ pálọ̀ àwọn olówó ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó kọ́ ilé fún ohùn kú ní ẹnu ọ̀nà ìgbà àwòrán. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lójú ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú rẹ̀, ohùn ni Hárúnà. Ọmọ rẹ̀, Musílíù, ni ó ní ojú, aṣọ àti ìdúró.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí fún ìtàn ìlú náà. Ọdún 1948 ni àwo àkọ́kọ́ tí Hárúnà ṣe fún ilé-iṣẹ́ His Master's Voice jáde, orí Ọba Adébóyè, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó, ni ó sì kọ ọ́ lé. Kò tà. Ní nǹkan bí ọdún 1955, lẹ́yìn tí ọba náà wàjà, ó tún orin náà kọ, àtúnkọ yìí ni ó sì gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà náà, orin àpàlà rẹ̀ jẹ́ àpótí ìrántí fún ìlú: ẹni tó jọba, ẹni tó kú, ẹni tó ṣayẹyẹ. Ní ọdún 1969, òun àti I. K. Dáíró dá ilé-iṣẹ́ àwo STAR sílẹ̀, kí àwọn olórin fúnra wọn lè jẹ èrè iṣẹ́ wọn. Ní 1971 ni ó kọ orin fún ẹgbẹ́ Òróki Social Club ti Òṣogbo, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ilẹ̀ òkèèrè. (Iye tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àwo yẹn tà, mílíọ̀nù 5, ga débi pé ó yẹ kí òpìtàn rọra gbé e.)

Àmọ́ àwo kì í ṣe òde. Lóde àríyá, Hárúnà a jókòó ni, kò ní dìde jó. Àwọn onílù àti elégbè a yí i ká: ìlù gángan, àkúbà, àgídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè di ìdájí kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́. Orin tó ń kọ lóde kò ní òpin kan pàtó, nítorí ẹni tó bá wọlé ni yóò sọ ibi tí orin yóò yà sí. Olówó kan dé, a kì í. Ìyá rẹ̀ dé, a yí padà sí ìdílé ìyá. Ojú kan àwo ńlá kò sì gbà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ohun tí àwọn ènìyàn rà lọ sílé, tí wọ́n ń gbọ́ lórí gíráámù títí ó fi há, jẹ́ òde tí wọ́n gé kúrú, tí wọ́n sì ti yọ àwọn àlejò kúrò nínú rẹ̀.

Fídíò ni ó dá gígùn òde padà, ó sì dá àwọn àlejò padà pẹ̀lú. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí àwo ni pé kì í ṣe olórin ni ó ń sanwó fún un. Olóde ni ó háyà onífídíò, bí ó ti háyà alásè àti onítẹ́ǹtì, ojú olóde ni kámẹ́rà sì fi ń wo nǹkan. A máa fi ìdajì wákàtí yípo láàrin àwọn tábìlì, a máa dúró pẹ́ lórí aṣọ ẹbí, a sì máa padà sọ́dọ̀ olórin nígbà tí owó bá ń rọ̀ sórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọgbọ́n orin nìkan yóò kanra. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Ìjẹ̀bú ṣe ń gbé ìgbé ayé wọn ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, kò sí ìwé tó lè fún un ní ohun tí kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí yóò fún un.

Wíwò ó nílé sì ní ìlànà tirẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú tàbí ìwúyè, nígbà tí onífídíò bá gbé kásẹ́ẹ̀tì wá, àwọn ẹbí a pé sí pálọ̀, àwọn ọmọdé a jókòó sílẹ̀, àwọn aládùúgbò a dúró lójú fèrèsé. Orúkọ ara wọn ni wọ́n ń dúró dè lẹ́nu olórin. Bí ó bá ti pe ẹnì kan, ariwo a sọ, wọn a ní kí wọ́n fà á sẹ́yìn. Ẹni tí olórin gbàgbé, tàbí tí ó ṣi oríkì rẹ̀ kì, a máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìjà abẹ́nú ìdílé a sì máa tibẹ̀ yọ orí jáde: ta ni àgbà, ìdílé wo ló ni oyè, kí ló dé tí wọ́n pe ọmọ ìyàwó kékeré ṣáájú?

Bí ó ti rí ní Ìjẹ̀bú-Igbó kọ́ ni ó rí níbi gbogbo. Ní Àgọ́-Ìwòyè, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982 tí ó sì ń jẹ́ Ọlábísí Ọnàbánjọ láti 2001, kó èrò láti ìlú oríṣiríṣi wá sáàrin ìlú. Olórin tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń wò nínú yàrá rẹ̀ lè má mọ ẹnikẹ́ni ní Àgọ́-Ìwòyè. Kò sí ẹni tó ń retí pé kí wọ́n pe orúkọ òun. Ní agbègbè Ogun Waterside, láti Abígi títí dé àwọn ìletò etí ọ̀sà, àìsí iná ọba ti jẹ́ ẹdùn ọkàn àwọn ará ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ wo òde níbẹ̀ ní láti ra epo sí jẹnẹrétọ̀, iye epo tó wà nínú táǹkì ni yóò sì sọ ibi tí orin yóò parí sí.

Nígbà tí Musílíù Hárúnà Ìṣọ̀lá gbé Sóyòyò jáde ní ọdún 2000, kásẹ́ẹ̀tì ti ń fi àyè sílẹ̀ fún àwo pẹlẹbẹ, èyí tó rọrùn láti rà, tó sì rọrùn púpọ̀ láti jí tà. Àpàlà, tí ọ̀pọ̀ rò pé ó ti bá baba lọ, tún dé etí àwọn ọ̀dọ́. Àwọn tó gbọ́ ọ sì wò ó pẹ̀lú. Láti ìgbà tí YouTube ti dé ní 2005, tí fóònù sì ti gba iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àwọn ènìyàn ti ń gbé òde àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wàhálà òpìtàn bẹ̀rẹ̀ níbí gan-an. Wọ́n ti gé e, kò sí déètì, kò sí orúkọ ìlú, àkọlé tí wọ́n fún un kò sì ju orúkọ olórin lọ.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tó jẹ́ pé àṣà níná owó fún olórin ni ó pèsè rẹ̀. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka níná owó lóde sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ti ná sẹ́yìn wà nínú fídíò, owó Nàìjíríà sì ní ọjọ́ ìbí. Náírà 20 jáde ní 1977, Náírà 50 ní 1991, 100 ní 1999, 200 ní 2000, 500 ní 2001, 1000 ní 2005. Ọdún 2007 ni Náírà 20 tó ń dán bí ọ̀rá dé. Níbi tí kò sí owó tó ju Náírà 20 lọ, ó ṣeé ṣe kí òde náà ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1991, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtòṣì lè wà lóde nígbàkigbà, ahun náà sì lè wà. Owó ńlá ni ẹ̀rí tó dájú: ó ń sọ ọdún tí òde kò lè ṣáájú. Aṣọ ẹbí, irú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn tẹ́ǹtì, àti orúkọ ọba tí olórin bá dá, a máa ran owó lọ́wọ́.

Àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Olú a máa wù sí i lára bí òjò ìgbẹ́kùn ọ̀sà bá ti ń wọ ilé. Téèpù inú rẹ̀ a máa lẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rọ tó lè gbé e yí kò sì sí lọ́jà mọ́. Àwọn mìíràn ni ọmọ ilé fi fíìmù tàbí bọ́ọ̀lù gbà lórí. Ohùn baba wà lórí àwo, ibi ìkówèésí ilẹ̀ òkèèrè sì lè máa tọ́jú rẹ̀ lọ. Òde tí wọ́n ṣe fún ìyá kan ní Òkè-Àgbò kò wà níbòmíràn ju inú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n fi bírò kọ "Ìsìnkú Màmá" sí lẹ́yìn.