Àjò, Ilé àti Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Íńdíà

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí òwe yìí bá jẹ́ òótọ́, èé ṣe tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó lọ kàwé ní òkè òkun fi ń jókòó síbẹ̀?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí èsì tí ó kún tó fún un lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo ronú sí i, mo rí i pé bí a bá fẹ́ dán òwe náà wò, ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Íńdíà ni ó yẹ kí á yẹ̀ wò, nítorí pé ó ti lé ní 150 ọdún tí wọ́n ti ń la òkun kọjá nítorí ìwé.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ kò lọ láti jókòó. Ìlú London nìkan ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe ìdánwò fún iṣẹ́ ìjọba gíga ilẹ̀ Íńdíà títí di 1922. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ọ̀gá nílé ní láti kọ́kọ́ lọ sí àjò. Satyendranath Tagore ni ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tí ó yege nínú ìdánwò náà, ní 1863. Gandhi lọ kọ́ iṣẹ́ amòfin ní London ní 1888, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà ìran rẹ̀ lé e kúrò láàárín wọn, nítorí pé èèwọ̀ ni lójú wọn láti la òkun kọjá. Ó padà wálé ní 1891. Lójú irú àwọn wọ̀nyí, ilé ni ìwé ti níyì; àjò kàn jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ibẹ̀ ni.

Kí á má sì gbàgbé pé bí ẹnìkan tilẹ̀ fẹ́ jókòó sí Amẹ́ríkà, ilẹ̀kùn kò ṣí. Òfin 1917 dínà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti Íńdíà, bí ó tilẹ̀ yọ̀ǹda fún akẹ́kọ̀ọ́ láti wọlé. Ní 1923, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ Bhagat Singh Thind, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ ológun fún Amẹ́ríkà, pé kì í ṣe aláwọ̀ funfun, nítorí náà kò lè tipa òfin di ọmọ orílẹ̀-èdè náà. A gba àlejò sí iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, a kò fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé.

Ǹjẹ́ ilé dùn fún gbogbo ẹni tí ó padà bí? Ẹ gbọ́ ìtàn Bhimrao Ambedkar. Ọba Baroda ni ó san owó tí ó fi lọ sí Yunifásítì Columbia ní New York ní 1913, ó sì ṣe àdéhùn pé òun yóò fi ọdún 10 sin ọba náà. Ó padà lọ mú àdéhùn ṣẹ ní 1917. Iṣẹ́ ń dúró dè é, ṣùgbọ́n kò rí ilé gbé, nítorí pé inú ìran tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kà sí aláìmọ́ ni wọ́n bí i sí. Ó fi orúkọ mìíràn wọ ilé àlejò àwọn Parsi, tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́sìn mìíràn. Nígbà tí àṣírí tú, àwọn ọkùnrin kan kó kóńdó wá, wọ́n lé e jáde. Lẹ́yìn ọdún 18, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kì í rántí ọjọ́ náà kí omijé má bọ́ lójú òun.

Ti Har Gobind Khorana tún yàtọ̀. Ìjọba Íńdíà ni ó rán an lọ sí Yunifásítì Liverpool ní 1945, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1948. Kí ó tó parí, wọ́n ti pín ilẹ̀ rẹ̀ sí méjì ní 1947. Abúlé tí wọ́n bí i sí bọ́ sí Pakísítáànì. Ní 1949, ó padà sí Íńdíà, ó wáṣẹ́ títí, kò rí. Ó gba Cambridge lọ, ó kọjá sí Kánádà ní 1952, lẹ́yìn náà ó di ará Amẹ́ríkà. Ní 1968, òun àti àwọn méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí bí ara ṣe ń ka àṣẹ tí ọmọ ń jogún lára òbí.

Ẹ wá fi ti Homi Bhabha wé e. Cambridge ni ó ti ń ṣe ìwádìí nínú ẹ̀kọ́ físíìsì. Ìsinmi ni ó wá lò nílé ní 1939 tí ogun àgbáyé fi bẹ́ sílẹ̀, tí kò sì lè padà mọ́. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ ní Bangalore. Nígbà tí ó béèrè fún ilé-ìwádìí, owó ìdílé Tata àti ti ìjọba gbé e dìde ní 1945. Ogun ni ó dá a dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe ogun ni ó mú un jókòó títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 1966.

Láti 1965 tí Amẹ́ríkà ti tún òfin rẹ̀ ṣe ni àwọn tí ó ń lọ ti ń pọ̀ sí i. Íńdíà fi owó ìlú dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀. Ti Kharagpur ni àkọ́kọ́, ní 1951. Ọgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ti àwọn ajàjàgbara mọ́ ni wọ́n sì sọ di ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jáde níbẹ̀ kọrí sí òkè òkun. Ní sáà ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, akẹ́kọ̀ọ́ Íńdíà tí ó wà ní Amẹ́ríkà jẹ́ 331,602, wọ́n pọ̀ ju ti Ṣáínà lọ. Ṣùgbọ́n kí á má rò pé gbogbo wọn ni ó rí ilé. Físà iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní H-1B so òṣìṣẹ́ mọ́ ẹni tí ó gbà á síṣẹ́. Ìwé ìgbélùú ńkọ́? Òfin kò jẹ́ kí orílẹ̀-èdè kan gbà ju ìdá 7 nínú 100 lọ, nítorí náà àwọn mìíràn ń dúró ju ọdún 10 lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá pa físà iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ́ ní 2012, ó tún mú irú rẹ̀ padà ní 2021.

Èsì mi ni pé òwe wa kò parọ́. A kò gbọ́ ọ yé ni. Onílé ni òwe náà dárúkọ. Ọ̀tọ̀ ni ìlú tí a bí ènìyàn sí, ọ̀tọ̀ ni kí ó ní ilé níbẹ̀. Ambedkar rí iṣẹ́, kò rí ilé. Khorana padà wálé, kò rí iṣẹ́. Bhabha rí méjèèjì, ó jókòó.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bi mí ní ìbéèrè náà kò sí nítòsí mọ́ láti gbọ́ èsì yìí. Èmi gan-an ni mo kọ ìwé ẹ̀rí tí ó fi wọ yunifásítì kan ní òkè òkun. Nígbà tí ó wá dágbére fún mi, ó ń ṣe mí bíi pé kí n pa òwe náà fún un, ṣùgbọ́n mo rántí Khorana, mo sì gbàdúrà fún un dípò rẹ̀. Kí a tó bi ọmọ pé èé ṣe tí kò wálé, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé àga wo ni a tọ́jú dè é.