Ibi Tí Ọwọ́ Òṣìṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n Gbọ́dọ̀ Dúró

Ó ti di àṣà pé kí a máa kọ ìtàn àwọn ọba wa sí ojú ewé yìí, tàbí ìtàn ọ̀nà tí Ẹgbẹ́ là àti ilé ìwé tí Ẹgbẹ́ kọ́. Ní ọdún yìí a yà kúrò ní ojú ọ̀nà náà díẹ̀, nítorí pé agboolé tí kò ní ọmọ ní London, ní Frankfurt tàbí ní Houston kò wọ́pọ̀ mọ́ láàárín wa. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ìwé àṣẹ ìgbélùú. Àwọn kan kò ní. Ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní ni a kì í sọ ní ìpàdé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ẹgbẹ́ tiwọn náà ń dé ọwọ́ akápò.

Àwọn àgbà wa tí wọ́n ti gbé ilẹ̀ Gáná rí mọ bí lílé kúrò ní ìlú ti rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Nòfẹ́ńbà, ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó máa lọ. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ará Ọ̀fà àti àwọn ará Ìníṣà fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì forí lé ilé. Ó tún di ọdún 1983, ní oṣù Jánúárì, ìjọba Alhaji Shehu Shagari lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde kúrò ní Nàìjíríà, àwọn ará Gáná ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù wọn ni à ń pè ní “Ghana Must Go” títí di òní. Nítorí náà a kò lè sọ pé òyìnbó nìkan ni ó ń lé àlejò. Kò sí orílẹ̀-èdè tí kò ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tí yóò bá a gbé. Ohun tí a fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nìyí: bí àlejò bá wí pé “èmi kò lọ”, ibo ni ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lè dé ní ara rẹ̀ kí ó tó dúró?

Bí a bá wo ìwé òfin, ìdáhùn náà dàbí ẹni pé ó rọrùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abala 146 nínú òfin ọdún 1999 tí ó kan ọ̀rọ̀ àlejò fún òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ní àṣẹ láti lo agbára tí ó mọ níwọ̀n, bí ó bá di dandan. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1990 ní kí ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ irú òṣìṣẹ́ tí ó lè lo agbára àti ìgbà tí ó lè lò ó. Ìlànà náà jáde ní ọdún 1994. Ó ní kí òṣìṣẹ́ lo ìwọ̀nba agbára tí ó kéré jù lọ tí iṣẹ́ náà gbà; kò sì gbọ́dọ̀ lo agbára tí ó lè pa ènìyàn, àfi bí ó bá ní ìdí tí ó yè kooro láti gbà pé ikú tàbí ìpalára ńlá fẹ́ dé bá òun tàbí ẹlòmíràn ní ojú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ dáradára ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó di òṣùwọ̀n náà mú? Kì í ṣe adájọ́. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni, nínú ilé onílé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tàbí ní ìlà àga tí ó kẹ́yìn nínú ọkọ̀ òfuurufú, níbi tí àwọn èrò kì í fẹ́ bojú wẹ̀yìn wò.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Júláì, ọdún 1993, àwọn ọlọ́pàá tí iṣẹ́ wọn jẹ́ lílé àlejò, àti òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n pẹ̀lú wọn, wọ ilé obìnrin ọmọ Jàmáíkà kan tí ń jẹ́ Joy Gardner ní àríwá London láti mú un lọ. Ó bá wọn jà. Wọ́n fi ìgbànú tí a so ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ dè é, wọ́n sì fi téèpù tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 13 yí orí àti ẹnu rẹ̀ po. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 5, wà nínú ilé. Obìnrin náà dákú, kò sì jí mọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni ó kú. Ní ọdún 1995 ilé ẹjọ́ dá àwọn ọlọ́pàá 3 tí wọ́n pè lẹ́jọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di èèwọ̀ fún wọn láti dí ẹnu ẹni tí wọ́n ń lé lọ. Kí ó tó kú, téèpù náà wà lára irinṣẹ́ wọn.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó kan ọmọ Nàìjíríà. Kola Bankole ni orúkọ rẹ̀, orúkọ tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún. Ní ọjọ́ 30 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ọdún 1994, ní pápákọ̀ Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n dè é nínú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n dí i lẹ́nu, dókítà sì gún un ní abẹ́rẹ́ amúnisùn. Kí ọkọ̀ náà tó gbéra ni ó ti kú. Ẹnikẹ́ni kò ṣe ẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀.

Ìtàn tí ó yí nǹkan padà ni ti Semira Adamu, a ó sì dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni, ọmọ 20 ọdún. Ní oṣù Máàṣì, ọdún 1998, ó gúnlẹ̀ sí Brussels ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, ó sì tọrọ ààbò. Ó ní wọ́n fẹ́ fi agbára fi òun fún ọkùnrin arúgbó kan tí ó ti ní ìyàwó púpọ̀. Ìjọba kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi í sí àtìmọ́lé ní Steenokkerzeel, ní ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀. Lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbìyànjú láti fi í sínú ọkọ̀, ó sì kọ̀. Ní oṣù Júláì, àwọn èrò inú ọkọ̀ ni wọ́n gbé ohùn sókè nítorí rẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà wọ́n tún gbé e lọ. Lomé ní ilẹ̀ Tógò ni ọkọ̀ náà ń lọ. Wọ́n ti fi ìdè sí i lára. Bí ó ti ń kọrin kí àwọn èrò lè gbọ́ pé òun wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́pàá tẹ ojú rẹ̀ mọ́ tìmùtìmù, wọ́n sì dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Ọ̀kan nínú wọn ń fi ẹ̀rọ ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé yíya àwòrán náà wà lára iṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n máa gbé orí rẹ̀ sókè, kò mọ ara mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà ó kú ní ilé ìwòsàn.

Ẹni tí ó bá rò pé àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyí kàn ya ìkà láti inú ara wọn ni, kò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Tìmùtìmù náà wà nínú ìlànà iṣẹ́ wọn. Àwọn ọ̀gá wọn ti fọwọ́ sí i pé wọ́n lè lò ó láti pa ẹni tí ń pariwo lẹ́nu mọ́. Ààlà wà fún agbára wọn nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn èémí ènìyàn ni wọ́n pa á sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó jáde sí ìsìnkú ọmọbìnrin náà ní Brussels. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Louis Tobback, ti fi ipò sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Etienne Vermeersch ti Yunifásítì Ghent ṣe alága rẹ̀ sọ ní oṣù Jánúárì, ọdún 1999 pé ohunkóhun tí ó lè dí èémí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ wáyé mọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà, ọdún 2003, ilé ẹjọ́ dá 4 nínú àwọn ọlọ́pàá náà lẹ́bi, ó sì dá ẹ̀wọ̀n fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tí a so rọ̀ ni: wọn kò ní wọ̀ ọ́ àfi bí wọ́n bá tún ṣẹ̀.

A óò rò pé àwọn ará ilé kejì Bẹ́ljíọ̀m yóò ti gbọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Méè, ọdún 1999, oṣù mẹ́jọ kò tíì pé, àwọn ọlọ́pàá Austríà 3 mú Marcus Omofuma, ọmọ Nàìjíríà, ọmọ 25 ọdún, wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Vienna sí Sofia ní ilẹ̀ Bùlgáríà. Wọ́n fi téèpù dì í mọ́ àga, wọ́n sì fi téèpù dí i lẹ́nu. Nígbà tí ọkọ̀ náà fi balẹ̀ sí Sofia, ó ti kú. Ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà, ọmọ ilẹ̀ Súdàn kan, Aamir Ageeb, kú nínú ọkọ̀ tí ó gbéra láti Frankfurt. Wọ́n fi akoto bò ó lórí, wọ́n sì tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá Austríà gba ẹ̀wọ̀n oṣù 8 ní ọdún 2002, àwọn ti Jámánì gba ti oṣù 9 ní ọdún 2004. Ẹ̀wọ̀n tí a so rọ̀ ni méjèèjì.

Láti inú ikú wọ̀nyí ni ìlànà tí àwọn ọmọ wa ń gbé lábẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù lónìí ti jáde. Ní oṣù Méè, ọdún 2005, àjọ ìgbìmọ̀ Yúróòpù tí ó wà ní Strasbourg gbé ìlànà 20 jáde lórí dídá àlejò padà pẹ̀lú agbára. Ó kà á léèwọ̀ láti dí ọ̀nà èémí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe díẹ̀, tàbí láti tẹ̀ ẹ́ sí ipò tí kò ti ní lè mí. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí ní ọdún 2008 ní kí agbára jẹ́ ohun ìkẹyìn, kí ó bá ìṣòro náà dọ́gba, kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ní ètò tí yóò máa ṣọ́ bí a ti ń dá àlejò padà. Lójú tiwa, ohun tí ó kẹ́yìn yìí ni ó níye lórí jù. Ìwé àṣẹ kò ní ojú.

Nítorí pé ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀kìtóbà, ọdún 2010, ọdún 17 lẹ́yìn ikú Joy Gardner, Jimmy Mubenga, ọmọ Àngólà, kú nínú ọkọ̀ òfuurufú ní pápákọ̀ Heathrow kí ó tó gbéra. Àwọn tí ó dì í mú kì í ṣe ọlọ́pàá rárá. Ẹ̀ṣọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni tí ìjọba gbé iṣẹ́ náà fún ni wọ́n. Àwọn èrò gbọ́ tí ó ń ké pé òun kò lè mí. Wọ́n jókòó. Àwọn kan nínú wọn sọ lẹ́yìn náà pé ó dun àwọn pé àwọn kò dìde. Ní ọdún 2013 ìgbìmọ̀ ará ìlú tí ó gbọ́ ìwádìí ikú rẹ̀ sọ pé pípa tí òfin kò gbà ni wọ́n pa á. Ní ọdún 2014 ìgbìmọ̀ mìíràn dá àwọn ẹ̀ṣọ́ 3 náà sílẹ̀. Ìjọba wá ṣe ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn ẹ̀ṣọ́ lórí bí a ti ń di ènìyàn mú láàárín àga ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ yìí wé ọjọ́ tí àwọn èrò gba Semira sílẹ̀ ní oṣù Júláì, ọdún 1998. Ọ̀gá awakọ̀ òfuurufú ní àṣẹ láti sọ pé òun kò gbé èrò kan. Bí èrò púpọ̀ bá dìde, ó máa ń lo àṣẹ náà. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ní ìwé, tí ẹ sì ń wá sílé fún ọdún, ẹ lè bá ara yín lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀ tí irú ariwo bẹ́ẹ̀ ti ń wá láti ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan àwa tí a wà ní ilé. A máa ń bi ara wa léèrè ohun tí ó ń mú ènìyàn fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí kí ó má baà padà sí ìlú rẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù ẹni tí ó ń lé wọn ní ilé, gẹ́gẹ́ bí Semira ti wí. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ẹnu àwa náà wà lára ohun tí àwọn mìíràn ń sá fún. A ti rí ọmọ tí wọ́n dá padà láìní ẹrù, tí ó ń gba ẹ̀yìn ilé wọlé ní alẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ wa rọra bá aṣọ́bodè sọ̀rọ̀, kí ó wá agbẹjọ́rò dípò kí ó máa wọ̀yá ìjà, ó yẹ kí ó mọ̀ pé ilé tí òun ń bọ̀ wá bá kì í ṣe ilé yẹ̀yẹ́.

Ní Vienna, obìnrin agbẹ́kúta kan, Ulrike Truger, gbẹ́ òkúta dúdú kan ní ìrántí Marcus Omofuma, ó sì gbé e dúró ní àárín ìlú náà ní ọdún 2003. Òkúta náà ga tó mítà 3. Orúkọ ọmọ Nàìjíríà náà ni wọ́n fi ń pè é, ibi tí ó wà ní báyìí kò sì jìnnà sí àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwọn àlejò máa ń lọ wò. Láti ọdún 2014 ni wọ́n ti sọ ojúde náà ní Ojúde Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn. Ọmọ ìlú wa tí ọ̀nà bá gbé gba ibẹ̀ lè yà láti wò ó.