Ìgbọràn Aya sí Ọkọ nínú Eré Orí-Ìtàgé Ayé Ọbabìnrin Elizabeth

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ipò aya ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, ẹni tí ó wà lórí oyè láti ọdún 1558 títí di ọdún 1603, eré Shakespeare kan ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tọ́ka sí, èyíinì ni The Taming of the Shrew, tí a lè túmọ̀ sí 'Kíkápá Obìnrin Oníjà'. Wọn a ní ẹ̀rí nìyí pé àwọn obìnrin ìgbà náà a máa foríbalẹ̀ fún ọkọ wọn láìjanpata. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn bá ń tẹnu mọ́ lójoojúmọ́, ó ní láti jẹ́ pé apá wọn kò tíì ká a ni.

Ní nǹkan bí ọdún 1590 sí 1592 ni àwọn onímọ̀ rò pé a kọ eré náà. Petruchio, tí ọrọ̀ ni ó ń wá kiri, fẹ́ Katherina ẹlẹ́nu mímú. Ó febi pa á, ó fi oorun dù ú, títí aya náà fi gbà pé òṣùpá ni oòrùn tí ń ràn lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí eré ń parí lọ, ọkọ mẹ́ta fi owó jiyàn lórí ẹni tí aya rẹ̀ yóò jẹ́ ìpè. Katherina nìkan ni ó wá. Ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó lé ní ogójì ìlà, tí kò sí èyí tí ó gùn tó o nínú eré náà, pé olúwa àti ọba ni ọkọ jẹ́ fún aya, àti pé ó yẹ kí aya tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ.

Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà? Ọmọdékùnrin ni! Títí di ọdún 1660, àwọn ọmọkùnrin tí a wọ aṣọ obìnrin fún ni ó ń ṣe ipa obìnrin ní àwọn ilé eré ìgboro Lọ́ńdọ̀nù. Shakespeare fúnra rẹ̀ kò sì jẹ́ kí a gbàgbé èyí, nítorí gbogbo ìtàn Petruchio jẹ́ eré tí a ń ṣe han ọ̀mùtí kan, Sly, tí wọ́n ti tàn pé ìjòyè ni. Ọmọ-ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí ó wọ aṣọ obìnrin ni wọ́n sì fi jókòó tì í pé aya rẹ̀ rèé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe òfin ilé, kí ó tún un rò.

A kò sọ pé ẹ̀kọ́ náà kò ní agbára lẹ́yìn o. Ní ọdún 1563 ni ìwàásù lórí ìgbéyàwó wọ inú ìwé tí àwọn àlùfáà ní láti máa kà fún ìjọ. Ó pa ìgbọràn láṣẹ fún aya, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwàásù kan náà kọ̀ fún ọkọ láti na aya rẹ̀. Òfin ìlú le ju èyí lọ: láti ọdún 1351, ọ̀tẹ̀ ni a ka pípa ọkọ sí fún aya, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ọmọ-ọ̀dọ̀ pa ọ̀gá rẹ̀, iná ni a sì fi ń sun irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sun Alice Arden ní Canterbury ní ọdún 1551. A sọ ọ̀ràn rẹ̀ di eré, Arden of Faversham, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1592. Níbẹ̀, Alice ni ó ń gbìmọ̀, òun ni ó ń rán ọkùnrin níṣẹ́ ibi. Òǹwòran mọ̀ pé yóò jìyà, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kì í kúrò lára obìnrin náà. Ẹ má sì gbàgbé pé obìnrin tí kò ní ọkọ ni ó ń pàṣẹ nígbà náà fún gbogbo ọkọ tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdáhùn sí Petruchio kò pẹ́ kí ó tó dé. Ní nǹkan bí ọdún 1611, nígbà tí Ọba James ti gorí oyè, John Fletcher kọ The Tamer Tamed, 'Akápá Tí A Kápá'. Katherina ti kú. Petruchio fẹ́ Maria. Ní alẹ́ ìgbéyàwó, Maria ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn sóde, àwọn obìnrin ìgboro àti ti ìgbèríko sì kó oúnjẹ àti ọtí wá gbè é lẹ́yìn. Petruchio díbọ́n àìsàn, Maria ní àjàkálẹ̀ àrùn ni, ó sì jẹ́ kí a tì í mọ́lé. Petruchio tún díbọ́n òkú nínú pósí. Maria sunkún, ṣùgbọ́n ìgbésí ayé asán tí ọkọ rẹ̀ gbé ni ó ń sunkún lé lórí, kì í ṣe ikú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn eré náà ní kí tọkọ taya máa bá ara wọn gbé ní ìdọ́gba.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1633, a ṣe eré méjèèjì níwájú Ọba Charles Kìíní àti ayaba rẹ̀, èkínní ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, èkejì ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Sir Henry Herbert, ìjòyè tí ó ń ṣe àbójútó eré fún ọba, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti Shakespeare dùn mọ́ wọn, ti Fletcher sì dùn mọ́ wọn gidigidi.