Aṣọ Àgbà Lára Ọmọdé: Ìtàn Eré Àfarawé Nílẹ̀ Yorùbá

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ ìrírí ni wọ́n ń fi òwe yìí sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá wo eré ọmọdé, àkísà àgbà gan-an ni ọmọ fi ń di àgbà. Gèlè ìyá tó ti gbó, fìlà bàbá tó ti ya létí, àpò ìrẹsì tí kò wúlò mọ́, gbogbo wọn di aṣọ oyè nínú eré. Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ tọpa ìtàn eré tí ọmọ ti ń wọ aṣọ ẹlòmíràn, tó sì ń ṣe bí ẹni náà. Èrò wa ni pé aṣọ nìkan kọ́ ló ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Ìwà àti ọ̀rọ̀ tó bá aṣọ náà rìn ló ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọdé ti ń wo àwòkọ́ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé, Aláàfin sì pè é wá wo eré àwọn eégún aláré. Àwọn kan jó nínú àpò, erè ńlá kan jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n mú “òyìnbó” wá sójú agbo. Ó funfun, ó rù, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ bí ẹni tí òtútù ń mú, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn òǹwòran ń bẹ Clapperton pé kó wò ó dáadáa. Òun náà sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀ pé òṣèré náà mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe aṣọ funfun nìkan ló sọ eégún yẹn di òyìnbó. Ìrìn rẹ̀, áṣáà rẹ̀ àti ọwọ́ tó ń ra ni àwọn èèyàn rí tí wọ́n fi mọ ẹni tó ń sín jẹ. Ẹni tó fẹ́ ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wo ẹlòmíràn fínnífínní. Nínú agboolé àwọn ọlọ́jẹ̀, láti kékeré ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń wò bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ tí kì í ṣe ọmọ ọlọ́jẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Bí àsìkò ọdún eégún bá ti ń sún mọ́, àwọn ọmọ á gbé eégún tiwọn jáde. Ọ̀kan á wọ inú àpò tàbí àlòkù ìró, ọ̀kan á máa lu agolo, ọ̀kan á mú pàṣán dání, ọ̀kan á ṣe atọ́kùn. Gbogbo wọn ló mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá dárúkọ ti ba eré jẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún tó fẹ́ pariwo orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó sì kó ara rẹ̀ níjàánu, ti ń kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ẹgba kọ́ ọ.

Bákan náà ni eré ilé. Ọmọ á fi ọ̀já pọn ọmọlángidi, èyí tí àwọn agbẹ́gilére ń gbẹ́. Bí kò bá sí ọmọlángidi, ṣùkù àgbàdo tàbí ìrọ̀rí á di ọmọ. Iyanrìn á di gààrì, ewé á di ẹ̀fọ́, agolo mílíìkì á di ìkòkò. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí wọn: ẹni tó ń ṣe ìyá gbọ́dọ̀ rẹ ọmọ lẹ́kún, kó sì kì í. Ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ polówó. Ẹni tó ń rà gbọ́dọ̀ nájà. Ẹni tó ń ṣe ìyàwó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ. Ẹ̀kọ́ èdè ni gbogbo èyí, láìsí tíṣà níbẹ̀.

Nígbà tí tíṣà fúnra rẹ̀ dé, àwọn ọmọ mú òun náà wọnú eré. Ọdún 1843 ni àwọn ajíyìnrere Mẹ́tọ́díìsì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì. Nígbà tó fi di ọdún 1955, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tíṣà ti di ẹni tí ọmọ oko náà mọ̀. Èédú di ṣọ́ọ̀kì, ògiri di pátákó, ọmọ tó dàgbà jù á mú igi dání. Ohun tí ọmọ bá ń rí ládùúgbò ló ń sín jẹ. Bí a bá sì fẹ́ mọ ẹni tí àwùjọ kan ń gbé gẹ̀gẹ̀ ní àsìkò kan, ká wo ẹni tí àwọn ọmọ ń ṣe nínú eré.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1933, Lev Vygotsky ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà sọ nínú àsọyé kan pé kò sí eré àfarawé tí kò ní òfin. Ọmọ tó ń ṣe ìyá ti gba òfin ìyá nìyẹn. Ní ọdún 2017, Rachel White àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 180, àwọn ọlọ́dún mẹ́rin àti ọlọ́dún mẹ́fà. Wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ kan tó súni, wọ́n sì gbé eré aládùn sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe bí Batman tàbí akọni mìíràn, tí wọ́n sì wọ ohun tó jọ tirẹ̀, ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe aṣọ nìkan ni wọ́n fún wọn. Wọ́n ní kí wọ́n máa bi ara wọn bóyá Batman ń ṣiṣẹ́ kára. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tún bá aṣọ rìn?

Èyí ló ń kọ wá lóminú nípa ohun tó ń lọ lónìí. Ní ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, “Career Day” ń bẹ, “Cultural Day” sì ń bẹ. Òbí á ra ẹ̀wù dókítà tàbí wíìgì lọ́yà, tàbí kó lọ háyà rẹ̀. Wọ́n á to àwọn ọmọ, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Ọmọ kò yan ẹni tó fẹ́ dà, kò sì sí aláìsàn tí dókítà náà tọ́jú. Ní Cultural Day, ọmọ á wọ aṣọ òkè, ìlẹ̀kẹ̀ á wà lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá kí i ní Yorùbá, yóò dákẹ́, nítorí wọ́n ti fi òfin de èdè yẹn nínú kíláàsì rẹ̀. Àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá.

A ò sọ pé kí wọ́n fagi lé ọjọ́ aṣọ. Inú ọmọ ń dùn sí i. Ohun tí a ń sọ ni pé kí eré tẹ̀ lé aṣọ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, wọ́n sì fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ gbogbo iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó má sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Bí Yorùbá bá lè gbé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ó lè gbé eré.

Púpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ Yorùbá yìí ni yóò di olùkọ́, gbogbo wa ni a sì ní àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n nílé. Ẹ jẹ́ ká kó àlòkù gèlè, fìlà àti agolo sínú apẹ̀rẹ̀ kan fún wọn. Bí wọ́n bá pè wá pé ká wá rajà, ẹ jẹ́ ká jókòó sílẹ̀, ká bi wọ́n ní èló, ká sì nájà pẹ̀lú wọn ní Yorùbá.